Àforíjì Gba Iwájú Ilé Káfíńtà

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ lọ́sàn-án. A jọ ń ṣiṣẹ́ ní káńsù láti ìgbà tí irun ṣì pé lórí mi, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí abọ́ oúnjẹ rẹ̀, á fi ìdérí bò ó dé ìdajì, á tẹrí ba lé e lórí, á máa jẹ ẹ́ bí ẹni tó jí i. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Ẹ̀gbọ́n wa yìí kò dúró dìgbà tí iṣu bá ta. Búrẹ́dì lásán náà, á fọwọ́ bò ó. Ìyá Panumọ́ là ń pè é, kò sì bínú sí i. Ó ní orúkọ náà sàn ju èyí tí ìyá òun sọ òun lọ, torí pé ìyẹn, gbogbo ayé ló ti mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí káńsù bá tú àṣírí wọn. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Káńsù mọ nǹkan púpọ̀ nípa èèyàn: ọjọ́ orí rẹ, àìsàn rẹ, iye ìyàwó tó o ní àti èyí tó o ní o ò ní. Inú káńsù ló yẹ kí gbogbo rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n inú káńsù ń jò. Akọ̀wé á sọ fún ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì á sọ fún ẹni tó ń ta ẹja fún un, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ rẹ ti dé ibi tí ìwọ fúnra rẹ kò dé rí. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Panumọ́ lo máa lọ.

Ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yàrá rẹ̀ wà. Pákó ni wọ́n fi gé e kúrò lára yàrá ńlá, pákó náà kò sì dé òkè àjà. Ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde lè gbọ́ bí ẹni tó wà nínú ṣe ń mí. Ẹ wo ibi tí wọ́n ní kéèyàn ti máa sọ àṣírí! Fáànù ló ń gba ẹ̀gbọ́n wa sílẹ̀. Fáànù náà kò fẹ́ atẹ́gùn kankan, ariwo nìkan ló ń pa, bí ẹni ń fi irin lọ irin. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ iná wá láti fi òróró sí i, Ìyá Panumọ́ gun orí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ da òróró náà sí òun lára. Wọ́n gbé àkàbà wọn, wọ́n lọ. Abẹ́ ariwo yẹn ló ti ń gbẹ́jọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ nǹkan kan láti ibẹ̀ rí.

Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ káńsù, èyí tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀. Òun la fi ń kéde ọjọ́ ìmọ́tótó àti ọjọ́ tí omi kò ní yọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi títí di ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá jókòó, tí wọ́n ṣe òfin àforíjì. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gá ẹni ráyè jókòó! Òfin náà ní bí káńsù bá ṣe tú àṣírí ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó ṣe tọrọ àforíjì. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ló fi tú u, ọkọ̀ ni kó fi bẹ̀bẹ̀, kí ariwo rẹ̀ má sì dín. Kó sọ ohun tó tú gan-an, kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè mọ ohun tí wọ́n ń bẹ òun fún. Kí ọkọ̀ gba gbogbo àdúgbò tí ọ̀rọ̀ ẹni náà bá ti dé, kó sì dúró níwájú ilé rẹ̀, torí pé ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n wá fi kádìí rẹ̀ pé ẹni tó bá ti fẹjọ́ sùn kò lè fà á sẹ́yìn mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà máa halẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni gbogbo wọn.

Ara tíṣà kan la ti kọ́kọ́ dán an wò. Akọ̀wé wa ló ṣèèṣì kéde pé kò sí eyín kan lẹ́nu tíṣà tó jẹ́ tirẹ̀. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló gbọ́. Nígbà tí mo fi máa gbé àforíjì kiri tán, àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ti mọ̀, àwọn òbí wọn ti mọ̀, ìyá arúgbó kan tí etí rẹ̀ wúwo sì dá mi dúró pé kí n tún un sọ. Tíṣà fẹjọ́ àforíjì náà sùn. Òfin ní ká tọrọ àforíjì fún àforíjì. Bí mo ṣe padà débẹ̀, tíṣà yọ eyín náà sọ́wọ́, ó sọ ọ́ lu gíláàsì ọkọ̀ mi. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọdé ti ń pe èmi gan-an ní Àforíjì. Bí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ mi, wọ́n á sáré lọ pe àwọn ìyá wọn pé àṣírí ti dé o.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń sọ ti káfíńtà fún yín báyìí. Ẹni tó ni àṣírí ló ní kí n máa sọ ọ́, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló bá mi jáde láti kéde abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé. Nígbà tí a fi máa dé òpópó àwọn onípákó, ó ti kéde tán, ó gbé máíìkì lé itan, kò rántí pa á. Ó wá ń bá mi sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ káfíńtà tó ń gbé lẹ́yìn pápá? Ọmọbìnrin ẹ̀ tó ń ṣerun yẹn, òun kọ́ ló bí i o! Oyún ẹ̀ ti wà nínú ìyá ẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ fún wa nígbà tí ọmọ náà ń ṣàìsàn. Ó ní ká ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Mo ní, “Ẹ̀n-ẹ́n?”

Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí i tí àwọn onípákó dá ayùn dúró, tí gbogbo wọn kọjú sí wa. Mo rò pé táyà ló fọ́. Ìgbà tí “Ẹ̀n-ẹ́n” tèmi lu ògiri òdìkejì, tó ń padà bọ̀ wá bá mi, ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìtìjú bá mi débi pé mo fẹ́ẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iná lọ. Fáànù Ìyá Panumọ́ dákẹ́. Orí bẹ́ǹṣì lóde ni mo wà, mò ń dúró de kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, nígbà tí káfíńtà wọlé tọ̀ ọ́, tó di fìlà rẹ̀ mọ́ àyà. Bàbá àgbàlagbà ni, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa gbójú sókè wo fáànù, ó pòṣé. Ó mú ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu agolo tó ń kó bírò sí, gbà-gbà-gbà, ó ní kí bàbá máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í ṣe fáànù. Bí ọwọ́ bá ti ro ó, tó bá sinmi díẹ̀, etí mi á ṣa èyí tó bá bọ́ sílẹ̀.

“Onípákó kan ló wá sọ fún mi,” ni káfíńtà wí. “Ẹ̀sín kọ́ ló ń dùn mí, ìyá. Ọmọ yẹn ni. Kò mọ̀. Ìyá ẹ̀ mú mi búra kó tó kú pé mi ò ní sọ fún un láéláé. Bó bá gbọ́, kí ló máa wá máa pè mí? Ẹ sọ fún mi. Ọ̀gá? Bàbá onílé?”

“Ẹ ò ì tíì fẹjọ́ sùn, àbí?”

“Mo ti fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹnu ọ̀nà. Mo ti tẹ̀ka.”

Agolo dákẹ́. Mo gbọ́ tí Ìyá Panumọ́ gbé ṣíbí kalẹ̀.

“Háà, bàbá. Ẹ ti tẹ̀ka?”

Ó wá sọ òfin fún un: pé lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ máa wá síwájú ilé rẹ̀, ó máa bẹ̀ ẹ́, ó sì máa sọ ohun tó ń tìtorí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

“Ó dáa, mi ò fẹjọ́ sùn mọ́.”

“Kò ṣeé fà sẹ́yìn, bàbá.”

“Kí ló dé?”

“Kí ẹnikẹ́ni má baà halẹ̀ mọ́ yín.”

“Ta ló fẹ́ halẹ̀ mọ́ mi?”

“Àwa náà ni.”

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wa, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. “Bàbá, mi ò lágbára láti dá ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni òfin ní kó pariwo tó ti tẹ́lẹ̀. Òfin ò ní kí onílé dákẹ́ nínú ilé ẹ̀.”

Káfíńtà ronú sí i. “Mo ní òòlù,” ló wí.

Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Kò tíì rìn jìnnà tí ọmọbìnrin kan fi gba tiwájú wọlé, tí òórùn ìpara irun ń jáde lára rẹ̀. Ìyá Panumọ́ tún mú ṣíbí.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Onípákó kan ló sọ fún mi pé ọkọ̀ yín kéde pé bàbá mi kọ́ ló bí mi.”

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni?”

“Rárá o, mà. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ìyá mi sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí bàbá mọ̀ pé mo mọ̀, pé ọkàn wọn máa bàjẹ́. Mo bẹ̀ yín, mà, bàbá ò tíì gbọ́ ohun tí ọkọ̀ yín sọ. Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ.”

Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo tún jókòó. Mo di ẹnu mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìyá kan ló kú yìí, tó so bàbá àti ọmọ mọ́ igi kan náà, tó dojú ẹnì kìíní sí ìlà-oòrùn, tó dojú èkejì sí ìwọ̀-oòrùn! Àti onípákó wo tiẹ̀ nìyẹn, tó ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà ká bí ẹni ń pín ìwé ìpè? Mo dúró kí n gbọ́ tí Ìyá Panumọ́ máa sọ ọ́, gbólóhùn kan péré: bàbá rẹ ti mọ̀, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn.

Kò sọ ọ́. Ohun tó sọ fún bàbá ló sọ fún ọmọ, pé òfin ò ní kí onílé dákẹ́.

“Mo ní jẹnẹrétọ̀,” ni ọmọbìnrin náà wí.

Bó ṣe jáde ni mo ti ilẹ̀kùn wọlé. “Ẹ̀gbọ́n! Ẹnu kí lẹ ń fi jẹun ná? Gbólóhùn kan péré lẹ máa sọ, ìṣòro yìí á tán!”

“O gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

“Ìwọ náà ti di ẹjọ́ nìyẹn.” Ó wo ògiri pákó náà tìkà-tẹ̀gbin. “Àṣírí bàbá kì í ṣe tèmi tí mo máa fún ọmọ. Ti ọmọ kì í ṣe tèmi tí mo máa fún bàbá. Tí mo bá tú u torí pé ó máa dùn mọ́ wọn, kí ni màá sọ fún ẹni tó bá tú u torí pé ó dùn mọ́ òun?”

Mo ní òfin rẹ̀ àti ìkà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kan bò ó, bó ṣe máa ń bo oúnjẹ.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ní òun fúnra òun ló máa ka àforíjì náà. Kò bá wa jáde rí. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di máíìkì mú bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. Òpópó àwọn onípákó la kọ́kọ́ dé. Ó kà á: “Káńsù yìí ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ káfíńtà tó ń gbé lẹ́yìn pápá, nítorí a kéde láìtọ́ pé òun kọ́ ló bí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣerun.” Ó wá gbé máíìkì sí mi lẹ́nu. Òfin ni pé gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà la máa sọ.

“Ẹ̀n-ẹ́n?” ni mo wí.

“A ti gbàgbé o!” ni àwọn onípákó ń kígbe. “Ẹ máa lọ! Ẹ̀yin lẹ tún rán wa létí!” Mo mọ èyí tó jẹ́ olófòófó wọn, torí pé òun nìkan ni kò kígbe. Etí rẹ̀ ló nà.

A yọ sí ìdí pápá. Àgbàlá kan náà ni bàbá àti ọmọ ti ń ṣiṣẹ́: ìsọ̀ káfíńtà wà lápá òsì, ilé ìṣerun wà lápá ọ̀tún, àyè tó wà láàárín wọn kò ju ibi tí adìyẹ lè sáré kọjá lọ. Bí wọ́n ṣe gbúròó ọkọ̀ mi, káfíńtà fò sídìí bẹ́ǹṣì iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó. Ọmọ rẹ̀ fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ohun tó ń pariwo bí ẹṣin arúgbó yẹn dún, èéfín bo gbogbo wa. Ó tan gbogbo ẹ̀rọ tó ń mú irun gbẹ, oníbàárà kan tó wà lábẹ́ ọ̀kan fò jáde pẹ̀lú ìdajì irun. Káfíńtà rí i pé ariwo pọ̀ sí i, ó rò pé kò tíì tó, ó fi ẹsẹ̀ ta agolo ìṣó ṣubú, ó ń lu páànù orí ìsọ̀. Ọmọ rẹ̀ rí i, ó sáré mú ìdérí ìkòkò méjì, ó ń gbá wọn mọ́ra. Àwọn ajá dá sí i.

Ìyá Panumọ́ ka àforíjì náà látòkèdélẹ̀. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé, èmi tí mo jókòó tì í kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó gbé máíìkì sí mi lẹ́nu. Mo sọ “Ẹ̀n-ẹ́n?” mi, n kò gbọ́ ara mi. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ní obìnrin yìí ti bo àṣírí méjì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìrú òfin.

Ni epo bá tán nínú jẹnẹrétọ̀.

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Káfíńtà kò mọ̀ pé a ti kà á tán. Ó ń kan ìṣó lọ, òógùn bò ó, pákó iwájú rẹ̀ ti kún fún ìṣó débi pé kò sí ibi tí tuntun máa wọ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró pẹ̀lú ìdérí ìkòkò lọ́wọ́, ó ń wò ó. Ó wo òòlù. Ó wo ọkọ̀ wa. Ó wá wo ìdérí tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Mo rí i kedere nígbà tó yé e.

Ó gbé ìdérí sílẹ̀, ó kọjá lọ bá bàbá, ó di ọwọ́ tó fi mú òòlù mú.

“Bàbá mi, ó ti tó. Ẹ sinmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ẹ̀yin ni bàbá mi. Mi ò ní òmíràn, mi ò sì wá òmíràn.”

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́nu rẹ̀, àti láti orí ọkọ̀ mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Máíìkì wà lọ́wọ́ Ìyá Panumọ́, ojú fèrèsé ló gbé e sí, kò pa á. Òun! Ẹni tí kì í jẹ́ ká rí búrẹ́dì! Àwọn aládùúgbò ti yọrí lójú fèrèsé, oníbàárà onídajì-irun ń nu ojú.

Ìyá Panumọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá káfíńtà. Iṣẹ́ niṣẹ́.

“Bàbá, ẹ dákun. A tún ti ṣẹ̀ yín. Máíìkì wà ní ṣíṣí, èmi ni mo gbàgbé. A ti kéde ọ̀rọ̀ inú ilé yín.”

Káfíńtà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Ọ̀rọ̀ wo lẹ kéde?”

“Pé ọmọ yín ní ẹ̀yin ni bàbá òun.”

“Ẹ kéde ẹ̀?”

“A kéde ẹ̀, bàbá.”

“Tí mo bá fẹjọ́ sùn,” ó ń fara balẹ̀ sọ ọ́, bí ẹni ń wọn pákó kó tó gé e, “ẹ máa tọrọ àforíjì? Ẹ máa sọ ohun tí ọmọ mi sọ gan-an?”

“Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.”

“Ní gbogbo àdúgbò tí ọ̀rọ̀ mi ti dé? Ẹ máa dé ọ̀dọ̀ àwọn onípákó?”

“Òfin ni.”

Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Omi ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì gba gbogbo ẹnu rẹ̀. “Inú ń bí mi gan-an ni o, ìyá. Ẹ gbé yíǹkì wá. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kò ṣeé fà sẹ́yìn!”

Ìyá Panumọ́ kò dúró de ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó ní, “Àbúrò, yí i padà.” A gba ìdí pápá, a gba ẹnu ọ̀nà káńsù, a wọ òpópó àwọn onípákó. Káfíńtà ń tẹ̀ lé wa lẹ́sẹ̀, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ di apá kejì mú. Àwọn onípákó dá ayùn dúró. Obìnrin tí kò gbé ohùn sókè rí láyé rẹ̀ gbé máíìkì súnmọ́ ẹnu, ó kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ fò lórí páànù:

“Káńsù yìí ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ káfíńtà, nítorí a kéde láìtọ́ pé ọmọ rẹ̀ sọ pé káfíńtà ni bàbá òun, pé òun kò ní òmíràn, pé òun kò sì wá òmíràn!”

Òfin kò ní kí n sọ nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí. Mo kàn fa máíìkì mọ́ra ni.

“Ẹ̀n-ẹ́n?” ni mo wí.

Láti ẹ̀yìn ọkọ̀, láìsí gbohùngbohùn, káfíńtà dá mi lóhùn: “Bẹ́ẹ̀ ni o!”